Ìdí Tí Mo Fi Kúnlẹ̀ ní Rye Lane

Peckham, Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Òkúdù.

Àìṣát ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùn. Ọkọ rẹ ńkọ́? Nasir àti Tẹniọlá ńkọ́? Ṣé Aberdeen ti gbà kí oòrùn yọ sí yín, àbí kóòtù lẹ ṣì ń wọ̀ lọ sọ́jà nínú oṣù Òkúdù? Èmi ìyá rẹ wà láàyè, mo wà ní àlàáfíà, orúnkún mi nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, ìwọ náà sì ti fi ojú ara rẹ rí ohun tó fà á lórí fóònù. Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú ìlera tó péye.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbìyànjú láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún ọ lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀mejèèjì lo sì fi igbe dá mi lóhùn. “Mummy, I saw the video! Ẹ kúnlẹ̀ fún white woman ní middle of Rye Lane, gbogbo èèyàn ń wò yín. Did they make you do it?” O ò jẹ́ kí n dáhùn kí o tó tún bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé bírò. Ẹni tó ń ka lẹ́tà kò lè já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni tó kọ ọ́.

Ẹni tó ya fídíò náà kò purọ́ mọ́ mi. Mo kúnlẹ̀. Àmọ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàlélógún péré ló yà, ohun tó sì gbé mi dé orí ìkúnlẹ̀ yẹn ti lé ní ogójì ọdún. Lọ po tíì, kí o jókòó, kí o kà á tán kí o tó bínú.

O mọ Ìrìn Ìṣọ̀kan àwọn Júù, o kàn mọ̀ ọ́n bí ọmọdé ṣe ń mọ nǹkan ni: bálóònù, ẹgbẹ́ onífèrè, àti bisikíìtì tí wọ́n ń há fún yín lẹ́yìn ìrìn. O ò mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Bàbá yín, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí áljánnà, kò fẹ́ máa sọ ọ́ lójú yín, torí apá kan wà níbẹ̀ tí wọn ò fẹ́ kí etí yín gbọ́ nígbà yẹn. O ti dàgbà báyìí, o ti bímọ, màá sọ ọ́.

Kí èmi tó dé ìlú yìí ni. Bàbá yín ń kàwé lọ́wọ́, wọ́n sì gba yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù Màmá Pearl àti ọkọ wọn, Mr. Zeitlin, tí wọ́n ń ta bọ́tìnnì, òwú àti síìpù nítòsí Rye Lane. Nígbà yẹn, kì í ṣe gbogbo onílé ló ń gba aláwọ̀ dúdú sílé. Àwọn Zeitlin gba bàbá yín, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sì bèèrè ni ọjọ́ tí wọ́n máa kó ẹrù wọn dé. Júù ni wọ́n. Sínágọ́gù wọn kékeré wà ní òpópónà kejì, ilé oníbíríkì kan tí èèyàn lè máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá fún odidi ọdún kó má mọ̀ pé ilé àdúrà ni.

Nígbà òtútù ọdún kan, àwọn ọmọ ìta kan tí wọ́n kórìíra Júù, tí wọ́n kórìíra àwa náà, wá fi òkúta fọ́ gbogbo fèrèsé sínágọ́gù náà. Wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ̀rọ̀ rírùn sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù bọ́tìnnì, wọ́n sì kọ tiwa náà sí i nísàlẹ̀, torí wọ́n ti rí i pé aláwọ̀ dúdú ń gbé lókè. Àwọn àgbà sínágọ́gù ṣèpàdé, wọ́n ní kí wọ́n rọra tún fèrèsé ṣe, kí ẹnikẹ́ni má pariwo, kó má baà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá Pearl ní àwọn ò gbọ́. Wọ́n ní láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún àwọn pé kí àwọn dákẹ́, àwọn ò sì tíì rí ohun tí ìdákẹ́ fún àwọn. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, wọ́n dé fìlà tí wọ́n dé lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, wọ́n ní láti ẹnu ọ̀nà sínágọ́gù ni àwọn máa rìn gba àárín títì dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù àwọn, ní ọ̀sán gangan, kí gbogbo Peckham rí àwọn. Ẹni tó bá wù kó tẹ̀lé àwọn.

Èèyàn mọ́kànlá ló tẹ̀lé wọn. Bàbá yín ló ṣìkejìlá, àṣìṣe ló sì gbé wọn débẹ̀. Wọ́n ń fọ aṣọ lọ́wọ́ lókè nígbà tí wọ́n yọjú lójú fèrèsé, tí wọ́n rí onílé wọn tó ń bọ̀ láàárín títì pẹ̀lú àwọn èèyàn tó wọ aṣọ dúdú, tí ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé òkú ni wọ́n ń sin. Ọmọ Yorùbá wo ló máa rí i pé onílé òun ń sin òkú, tó máa wá dúró lórí aṣọ fífọ̀? Wọ́n sá sọ̀kalẹ̀ tọwọ́ tọṣẹ. Wọ́n bi Màmá Pearl pé níbo là ń lọ. Màmá Pearl ní ṣọ́ọ̀bù ni. Bàbá yín ní, “Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀ yìí, ma.” Màmá Pearl ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀, o mọ ọ̀nà. Bọ́ síwájú.”

Bó ṣe di ọdọọdún nìyẹn. Wọ́n gbé e sí oṣù Òkúdù kí òtútù má baà pa àwọn arúgbó, wọ́n sì fi í sí Sọ́ńdè torí pé Sátidé ni ọjọ́ ìsinmi wọn. Lọ́dún kejì, ogójì èèyàn ló rìn. Nígbà tó yá, àwọn Júù ń wọ bọ́ọ̀sì wá láti Stockwell àti láti òdìkejì odò, àwọn ará Jàmáíkà àti Íríṣì tó jẹ́ aládùúgbò wọn dara pọ̀, ọdún kan wà tí wọ́n rìn títí dé Surrey Quays. Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú ìrìn náà: ẹni tó bá dàgbà jù lọ ló ń ṣíwájú, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kọjá rẹ̀. Bó bá rọra rìn, gbogbo wọn á rọra rìn. Bó bá dúró kí èèyàn, gbogbo wọn á dúró. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan sọ fún bàbá yín nígbà kan pé ìrìn yìí nìkan ni òun mọ̀ tí ọ̀nà rẹ̀ ń kúrú sí i lọ́dọọdún tí àkókò rẹ̀ sì ń gùn sí i.

Kò tíì sí ọdún tí wọn ò rìn. Lọ́dún àrùn Kòrónà tí wọ́n sé gbogbo wa mọ́lé, kálukú rìn nínú ilé rẹ̀ pẹ̀lú fóònù létí, èmi náà rìn láti yàrá dé kíṣìnnì ní ìgbà ogún, mò ń gbọ́ bí Màmá Pearl ṣe ń fọwọ́ tọ́ ògiri lọ nínú ilé tiwọn. Ní ọdún méjì sẹ́yìn tí ogun dé sí ìlú àwọn ará wọn lókè òkun, ẹ̀rù ba àwọn èèyàn, a ò ju márùndínlógójì lọ. Ní mọ́sálásí, àwọn kan bi mí pé kí ni mò ń wá lẹ́yìn àwọn Yahúdì. Ìwọ náà bi mí, mo rántí. Ogun yẹn ń pa ọmọ ọlọ́mọ, ó ń bà mí nínú jẹ́, kò sí ìrun tí mi ò fi bẹ Ọlọ́run lórí àwọn ọmọdé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá Pearl kọ́ ló ń jà á. Obìnrin tí wọ́n fọ́ fèrèsé rẹ̀ ni, èébú bàbá yín sì wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ rírùn tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn kan náà. Ohun tí mo sọ fún wọn ní mọ́sálásí nìyẹn, mo sì tún un sọ lójú Ìmáàmù.

Nígbà tí bàbá yín kú, o wà nílé ẹ̀kọ́ gíga, ọjọ́ mẹ́ta lo lò pẹ̀lú wa kí o tó padà. Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, Màmá Pearl gbé àpótí ìjókòó kékeré kan wá sílé wa, o ò sì mọ̀ pé odidi ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó lé e. Wọ́n á dé láàárọ̀, wọ́n á lọ nírọ̀lẹ́. Wọ́n ní bí àwọn ṣe ń ṣe fún ẹni tó bá jẹ́ ti àwọn nìyẹn. Lọ́jọ́ kẹjọ tí a ṣe fìdáù, àárín àwọn Alhaja ni wọ́n jókòó sí, wọ́n fi ìborùn bo orí, wọ́n ń ṣe àmín pẹ̀lú wa. Èmi Sìdíkàt kò lè gbàgbé rẹ̀ láyé mi. Nígbà tí ìrìn ọdún yẹn dé, mo rìn ní ipò bàbá yín.

Bí a ṣe rìn tán, wọ́n fún wa ní ẹja tútù àti búrẹ́dì gbígbẹ. Mo wò ó, mo ní ẹ jẹ́ kí n máa se oúnjẹ fún yín. Odidi ọdún kan ni Màmá Pearl fi kọ́ mi. Kíṣìnnì wọn ni màá ti sè é, nínú ìkòkò wọn. Ẹyin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni màá máa fọ́ ọ sínú gíláàsì, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀ màá dà á nù. Ẹ̀fọ́, ewé kan tẹ̀lé òmíràn ni màá máa gbé e wò sí ìmọ́lẹ̀ bóyá kòkòrò wà lára rẹ̀. Ẹja tó ní ìpẹ́ tó sì ní lẹbẹ́ nìkan ni mo gbọ́dọ̀ lò. Kò gbọdọ̀ sí alákàn, kò gbọdọ̀ sí ìgbín, kò sì gbọdọ̀ sí edé rárá. Kò le fún mi. Àwa náà ń bèèrè ẹni tó pa ẹran ká tó jẹ ẹ́. Mọ́ínmọ́ín mi ni wọ́n wá fẹ́ràn jù. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń sè é, kọ́kọ́rọ́ kíṣìnnì sínágọ́gù wà lára kọ́kọ́rọ́ ilé mi. Àìṣát, nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti fún mi ní ìlú yìí, títí kan ìwé ìrìnnà, kò sí èyí tó wú mi lórí tó kọ́kọ́rọ́ yẹn.

Ìyẹn ni mo fẹ́ẹ̀ pàdánù lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá.

Lọ́dún tó lọ, Màmá Pearl tọ́ mọ́ínmọ́ín mi wò, wọ́n ní, “Sìdíkàt, èyí dà bí ohun tí káńsù sè.” Ó dùn mí. Mo wá mú un lọ́kàn pé ọdún yìí, ata á wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ni mo dé kíṣìnnì wọn, mo lọ ẹ̀wà, mo pò ó, mo fi ahọ́n kan án, kò lágbára. Ata rodo tí mo rà ti tán. Ìwọ náà mọ̀ mí, mi ò kì í jáde láìní ata gígún nínú báàgì, torí oúnjẹ òyìnbó. Àǹtí rẹ Hàlímọ̀tù ní Stockwell ló fún mi ní ike kékeré kan, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i láti Ìlọrin. Ọwọ́ mi wọ báàgì kí ọkàn mi tó rò ó. Mo bu ṣíbí mẹ́ta sí i, mo rò ó pọ̀, mo bù ú sínú ogóje abọ́, mo tò wọ́n sínú ìkòkò ńlá mẹ́ta, mo tan gáàsì.

Nígbà tí mo ṣí ìdérí láti wo omi, òórùn kan gbá mi nímú. Ta ló bí mi tí mi ò ní mọ òórùn edé? Mo pe Hàlímọ̀tù lórí fóònù. Mo ní kí ló wà nínú ata yìí. Ó ní, “Ata ni now, sister mi. Mo kàn ní kí wọ́n lọ edé díẹ̀ mọ́ ọn kó lè dùn. Kí ló dé, kò dùn ni?”

Màá sọ òótọ́ fún ọ, torí òun gan-an ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Mi ò sáré lọ sọ fún ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ ti jinná, mo pa gáàsì, mo dé ìkòkò padà, mo dúró. Ṣàítánì ń bá mi sọ̀rọ̀, ohùn èmi fúnra mi ló sì fi ń sọ ọ́. Ó ní kò sí nínú wọn tó mọ òórùn edé. Ó ní àṣìṣe ni, Ọlọ́run kì í fi àṣìṣe múni. Ó ní bí o bá sọ ọ́, wọn ò ní jẹ́ kí o wọ kíṣìnnì yìí mọ́ láé. Wọ́n ń pè mí níta pé ìrìn fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo tún híjáàbù mi ṣe, mo jáde, mo rẹ́rìn-ín sí gbogbo wọn.

Màmá Pearl ti pé ọdún méjìléláàádọ́rùn-ún. Àwọn ló ń ṣíwájú láti ọdún mẹ́fà báyìí, ọdún yìí sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́. Èmi ni wọ́n ní kó tì wọ́n. Àwọn tó tẹ̀lé wa tó igba ó lé, àwọn ọmọdé tó ń kọrin, ẹgbẹ́ onífèrè, káńsílọ̀, àwọn arúgbó pẹ̀lú ọ̀pá. Gbogbo ẹni tí a bá dúró kí ni Màmá Pearl ń nawọ́ sí mi hàn. Wọ́n sọ fún ọlọ́pàá obìnrin kan pé, “Èyí ni Sìdíkàt wa. Ọdún méjìdínlógún, mi ò ṣí ìkòkò rẹ̀ wò rí.” Wọ́n sọ fún ọkùnrin tó ń ta fóònù. Wọ́n sọ ọ́ fún obìnrin kan tó ń dúró de bọ́ọ̀sì tí kò bèèrè. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sọ ọ́, ó ń ṣe mí bíi pé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi mú òkúta.

Nígbà tí a dé abẹ́ afárá rélùwéè ní Rye Lane, apá mi kọ̀, kò tì mọ́. Mo dúró. Bí mo ṣe dúró, àwọn ọmọdé akọrin dúró, onífèrè dúró, igba èèyàn dúró, torí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kọjá àgbà. Bọ́ọ̀sì méjì há sẹ́yìn wọn, wọ́n ń fọn fèrè. Bethany, akọ̀wé ìrìn náà, ọmọ dáadáa kan tó ń ṣe tíṣà, sáré wá pé “Aunty, what's wrong? Is it her heart?” Mo lọ síwájú àga, mo kúnlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tì mí, Àìṣát. Báwo ni mo ṣe máa dúró gbọnrangandan níwájú ẹni tó jókòó ti òkú bàbá yín fún ọjọ́ méje, kí n máa sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn?

Mo sọ ọ́. Etí Màmá Pearl ti wúwo, wọ́n ní kí n sọ ọ́ sókè. Mo tún un sọ, wọn ò gbọ́. Nígbà kẹta ni mo pariwo ní èdè òyìnbó pé edé ni, edé ló wà nínú mọ́ínmọ́ín! Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbọ́ edé, ó na ọ̀rá kan sókè, ó ní, “Mummy, edé wà ńbí o! Three pounds, ẹ wá wò ó, correct one!” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ibi tí fídíò rẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mo rò, torí mo rí fóònù tí wọ́n gbé sókè.

Màmá Pearl kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí bóyá ẹnikẹ́ni ti jẹ nínú rẹ̀. Mo ní rárá. Wọ́n bi mí ìgbà tí mo mọ̀. Mo ní kí n tó jáde ní kíṣìnnì ni, mo fẹ́ dákẹ́ ni, láti ẹnu ọ̀nà sínágọ́gù títí dé ibí ni mo fi dákẹ́. Wọ́n wò mí títí, ojú wọn kò le, kò sì rọ̀. Wọ́n wo aago ọwọ́ wọn. Wọ́n ní, “Ogún ìṣẹ́jú.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n dìde, orúnkún mi kò dáa, kí n máa tì wọ́n lọ, àwọn awakọ̀ ń bínú.

Nígbà tí a padà dé sínágọ́gù, àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́ fún gbogbo ilé. Bàbá arúgbó kan tí wọ́n ti ń jẹ oúnjẹ mi láti ọdún àkọ́kọ́ mú fìlà wọn, wọ́n jáde láìwo ojú mi. Ìyẹn dùn mí ju gbogbo fídíò ayé lọ. Wọ́n gbé ogóje mọ́ínmọ́ín síta, àwọn onífèrè àti àwọn aládùúgbò jẹ nínú rẹ̀, àwọn onísùtánà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì òdìkejì títì jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún ń bèèrè ẹni tó sè é. Nínú ilé, búrẹ́dì gbígbẹ àti tòmátì ni àwọn yòókù jẹ. Ìkòkò mẹ́ta náà, wọ́n gbé wọn sọ́tọ̀ títí wọ́n á fi fi omi híhó sọ wọ́n di mímọ́ ní ìlànà wọn. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ kíṣìnnì kúrò lára kọ́kọ́rọ́ ilé mi, mo gbé e lé Bethany lọ́wọ́. Ó ní ìgbìmọ̀ á jókòó lé e ní Túsìdeè.

Láti Sọ́ńdè dé Túsìdeè, mi ò lè jẹun dáadáa. Túsìdeè kọjá, kò sẹ́ni tó pè mí. Àárín ìgbà yẹn lo pè, tí o ń pariwo mọ́ mi, kí o mọ̀.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun Àsárì, Bethany kan ilẹ̀kùn. Ìwé ńlá kan wà lábẹ́ abíyá rẹ̀, tí wọ́n fi aṣọ dì léèpo. Mi ò mọ̀ rí pé wọ́n ní irú rẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń kọ ìtàn ìrìn náà sínú rẹ̀, láti ìgbà fèrèsé fífọ́. Ó ní ìgbìmọ̀ kò tíì parí ọ̀rọ̀ nítorí ohun tí wọ́n máa kọ fún ọdún yìí. Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ pé oúnjẹ kò tó, kí wọ́n sì fi mọ síbẹ̀, kí ojú má baà tì mí. Ó ní, “Aunty, ẹ̀yin lẹ máa pinnu. Ohunkóhun tí ẹ bá sọ, màá kọ ọ́.”

Mo ní kó kọ́kọ́ ka èyí tó wà níbẹ̀ fún mi. Ó ṣí ọdún kẹta. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Mr. Zeitlin àti alápatà kan jà lórí ta ló dàgbà jù tí yóò ṣíwájú, wọ́n lọ mú ìwé ìbí wá, alápatà fi ọjọ́ mẹ́rin ju Mr. Zeitlin lọ, Mr. Zeitlin kò sì bá a sọ̀rọ̀ di ìgbà òtútù. Ó ṣí ọdún kẹsàn-án. Ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: “Ẹ̀rù bà wá. Orí ìkóríta la dé tí a fi padà sílé.” Mo ní kó tún ìyẹn kà. Àwọn èèyàn tó kọ irú èyí nípa ara wọn, ṣé èmi ni màá wá ní kí wọ́n parọ́ nítorí mi?

Mo ní, “Bethany, kọ ohun tí mo bá sọ. Edé ni. Sìdíkàt ló bù ú sí i láti inú báàgì rẹ̀. Kò mọ̀ nígbà tó ń bù ú, ṣùgbọ́n ó mọ̀ kó tó jáde ní kíṣìnnì, ó sì dákẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú.” Ó bi mí bóyá kí òun yọ ti ogún ìṣẹ́jú kúrò. Mo ní ṣé ó yọ ara rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ náà ni? Kọ ọ́.

Ó kọ ọ́ tán. Ó wá gbé ọwọ́ tó fi bo ìsàlẹ̀ ojú ewé náà kúrò. Ìlà kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọwọ́ tó kọ ọ́ gbọ̀n púpọ̀, déètì Sọ́ńdè yẹn gan-an ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ìgbìmọ̀ kankan tó jókòó. Màmá Pearl ló kọ ọ́: “Lọ́dún tó ń bọ̀, Sìdíkàt ni yóò sè é.” Bethany ní Màmá Pearl ló fi ààyè sílẹ̀ lókè ìlà náà pé kí n fi ohun tó bá wù mí kún un, wọ́n sì ti fún òun ní àṣẹ kan. Wọ́n ní bí mo bá ní kí wọ́n kọ irọ́ síbẹ̀, kí òun fi bírò fa ìlà àwọn rẹ́.

Àìṣát, mo sunkún lórí àga ilé mi bí ìgbà tí mo bí ọ. Lọ wo fídíò rẹ lẹ́ẹ̀kan sí i. Obìnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, òótọ́ ló ń sọ, ogún ìṣẹ́jú nìkan ló fi pẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá tún fi í ránṣẹ́ sí ọ, sọ fún wọn pé ìyá rẹ ni, kí o sì sọ ọ́ sókè.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ìwọ, ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ mi méjèèjì. Ẹ kò ní rí ogun, ẹ kò ní rí ẹni tí yóò fọ́ fèrèsé yín, ibi tí ẹ bá sì gbé, ẹ ó rí ẹni tí yóò jókòó tì yín lọ́jọ́ ìṣòro. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò máa gbèrú, àwọn ọmọ rẹ yóò sì ṣe fún ọ ju bí ìwọ ṣe ń ṣe fún mi lọ, láìsí igbe orí fóònù níbẹ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, tí inú rẹ̀ sì dùn sí ọ,
Sìdíkàt.

Àfikún: Bethany ti ń kọ orúkọ àwọn tó máa rìn lọ́dún tó ń bọ̀, ó fẹ́ mọ iye àwọn ọmọdé tó máa gbé àsíá. Mo ti ní kó kọ Nasir àti Tẹniọlá sílẹ̀. Bí o bá fẹ́ yọ wọ́n kúrò, wá síbí kí o sọ ọ́ lójú mi.